Bí mo ṣe ń fi ẹ̀rọ sáńpépà kékeré dán bàálù oníke tí kì í fi í yọ́

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ lé mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bàálù kékeré oníke tí a ń to ẹ̀yà rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ẹ̀rọ ìyàwó mi ni mo yá. Iṣẹ́ èékánná ni Ìyá Kẹ́mi ń ṣe fún àwọn èèyàn ní Peckham, ó sì ní ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan tó fi ń ha èékánná, tó rí bíi báírò tó sanra. Mo ní kí n fi kàn án díẹ̀ lórí òrùlé bàálù DC-10 tí mo ti lẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Kí n tó ka ení, èjì, ike ti rọ̀, ó ti ń fà bí ewédú, ibi tó yẹ kó dán ti di kòtò tó gba orí ìka ọmọdé. Òórùn gba gbogbo ilé. Ìyá Kẹ́mi yọjú láti kíṣìn: "Bàbá Kẹ́mi, kí lẹ ń sun?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Mo ti ra ẹ̀rọ tèmi, mo ti ba nǹkan mìíràn jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ti mọ ibi tí ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa àti ibi tó yẹ kí ọwọ́ ti gbà á. Àwọn àbúrò tó ń kan mọ́dẹ́ẹ̀lì níbí àti nílé máa ń bi mí léèrè, ohun kan náà ni mo sì máa ń tún sọ. Ẹ jẹ́ n kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọrùn ọwọ́ ló lé mi dé ìdí ẹ̀rọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún bọ́ọ̀sì ṣe ní gáráàjì, spánà sì ti gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lára ọwọ́ ọ̀tún mi. Bàálù DC-10 gidi gùn tó mítà 55 àtààbọ̀. Ní ìwọ̀n 1/144 tí mo ń kàn, ìyẹn ni pé a pín gígùn gidi sí ọ̀nà 144, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38 àtààbọ̀. Ara rẹ̀ máa ń wà ní ìlàjì méjì, ọ̀tún àti òsì, tí a ó lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ojú ìpàdé kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó sẹ̀ǹtímítà 77 tí èèyàn máa ha, kò tíì kan apá, kò tíì kan ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí mo bá fi ọwọ́ lásán ṣe é, alẹ́ méjì ni, ní ọjọ́ kẹta mi ò ní lè ṣí ìdérí ìgò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ DC-10? Ọ̀kan nínú ti Nigeria Airways ló gbé mi wá sí London ní 1986. Ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà náà, aṣọ tó wà lọ́rùn mi kò mọ nǹkan kan nípa òtútù Heathrow. Méjì péré ni DC-10 tí wọ́n ní, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn ni 5N-ANN àti 5N-ANR, mi ò sì rántí èyí tí mo wọ̀ nínú méjèèjì. ANR gbiná ní Ìlọrin ní oṣù kìíní ọdún 1987 níbi tí wọ́n ti ń fi kọ́ awakọ̀. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n bàálù náà kò fò mọ́.

Òkè rẹ̀ funfun, ìlà àwọ̀ ewé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Funfun tó ń dán kì í bá ènìyàn bo àṣírí. Ẹni tó ń kan táǹkì ogun lè fi ẹrẹ̀ àti ìpẹtà bo ojú ìpàdé tí kò dán. Bàálù èrò kò ní ibi tí a ti ń fara pamọ́, gbogbo ibi tí sáńpépà ti họ ọ́ ló máa jáde lábẹ́ iná.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èyí tó yọ́. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì, polystyrene, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 100, bí omi tó ń hó. Ike kì í sì í gbé ooru káàkiri ara bí irin: ibi tí ẹ ha gan-an ni ooru rẹ̀ máa jókòó sí. Ẹ wá wo orí ẹ̀rọ tó ń yí. Sáńpépà róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 13, tó bá ń yí nígbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 49 ní wákàtí kan. Ní Southwark níbí, ojú títì tiwa, máìlì 20 ni wọ́n ní kí ọkọ̀ má kọjá, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 32. Ohun tó ń sáré ju ọkọ̀ lọ ni mo gbé lé ike tí kò nípọn tó mìlímítà méjì.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni pé: ṣé ó ń yí ni, àbí ó ń lọ tó ń bọ̀? Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ni kí ẹ rà. Ó tóbi ju báírò lọ díẹ̀, bátìrì wà nínú rẹ̀, wáyà tí a fi ń ṣáàjì fóònù ló ń lò. Orí rẹ̀ jẹ́ pátákó ike kékeré kan tó ń sún síwájú sẹ́yìn ní mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta, ó sì ń yára débi pé ojú kò lè bá a. Wọ́n máa ń kó orí oríṣiríṣi mọ́ ọn: onígun mẹ́ta, tóóró, róbótó. Ìrìn rẹ̀ kò gùn, nítorí náà ooru rẹ̀ kéré gan-an sí ti èyí tó ń yí, bó bá sì yọ̀ lọ́wọ́ yín, ó máa họ ara bàálù, kò ní gbẹ́ ẹ. Ẹ wá èyí tí eré rẹ̀ ṣeé dín kù. Tèmi ní ipele márùn-ún. Ìkejì ni mo sábà máa ń lò. Mi ò tíì rí ohun tí ìkarùn-ún wà fún.

Èyí tó ń yí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ni mo fi ń gé ike tó nípọn dànù nínú ikùn bàálù níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, eré wọn tó kéré jù lọ jẹ́ 5,000 tàbí 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ṣì pọ̀ fún ike. Ti èékánná sàn, torí bọ́tìnì rẹ̀ ṣeé yí wálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí mo ti ba DC-10 jẹ́ tán ni Ìyá Kẹ́mi wá ń ṣàlàyé fún mi pé òun kì í yí i kọjá ìdá mẹ́rin lórí èékánná èèyàn, torí ó máa ń jó oníbàárà. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ṣé ẹ bi mí ni?"

Ẹni tí owó ẹ̀rọ kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì, èyí tí orí rẹ̀ róbótó tó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi ohun ìgékánná ńlá tàbí píńsà gé irun rẹ̀ kúrò mọ́ ìdí, kí ẹ fi fáìlì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ gé fóòmù tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta bí orí rẹ̀ ṣe rí. Ìdí sílípáàsì ilé ìwẹ̀ tó ti já ni mo lò. Ẹ fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, téèpù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì, lẹ́yìn náà sáńpépà. Ó tán. Gbogbo rẹ̀ kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, ó sì máa wọ ìdí apá àti abẹ́ ìrù níbi tí ẹ̀rọ ńlá kò lè dé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé omi kì í ṣe é ní nǹkan kan, torí inú ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ lè bọ ọ́ sínú omi kí ẹ máa fi ha, ooru kò sì ní ráyè jókòó. Ẹ má dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ní wáyà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, bátìrì méjì péré ló ń fẹ́.

Sáńpépà dúdú tí àwọn akunmọ́tò ń fi omi lò ni kí ẹ wá. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta ọ̀dà mọ́tò, ní Ládípọ̀ tàbí Mushin, ẹ máa rí i láti nọ́ńbà 400 dé 2000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ló ń kúnná sí i), owó rẹ̀ kò sì tó ti èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n kọ "mọ́dẹ́ẹ̀lì" sí. Lórí ẹ̀rọ, 400 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, 600 tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn 800. Mi ò ń kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Àwọn kan rò pé bí sáńpépà bá ṣe ń kúnná tó ni ewu rẹ̀ ń dín kù, kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kúnná kì í pẹ́ dí, tó bá sì ti dí, kò gé mọ́, ara ló kàn ń fi gbo ara, ooru nìkan ló sì ń bí. Bí eruku funfun bá ti bo ojú sáńpépà tí ẹ fi ọwọ́ gbá a tí kò lọ, ẹ ya á dànù. Ẹ má ṣe ahun sí i. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń jókòó gé ogójì tàbí àádọ́ta sílẹ̀, mo ti fi téèpù sí ẹ̀yìn wọn, kí n má baà máa wá sísọ́ọ̀sì káàkiri nígbà tí iṣẹ́ bá wọra.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ rárá, ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Gọ́ọ̀mù olómi tí a fi ń lẹ ike, ńṣe ló ń yọ́ etí méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Tó bá ti dúró lójú, ẹ lè rò pé ó ti gbẹ, inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Tí ẹ bá ha á ní ọjọ́ kejì, ó máa dán, ẹ máa dunnú, ẹ máa kun ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, inú rẹ̀ á gbẹ, á fà wọlé, ìlà tín-ínrín kan á sì là sí àárín ọ̀dà yín láti imú dé ìrù. Fún ara bàálù gígùn báyìí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń fún un, tí òtútù bá mú, mo máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ wá kan bí ọwọ́ ṣe máa rìn. Ẹ rántí àwọn obìnrin tó ń ta ọsàn ní Òjóta, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ bó o. Abẹ kì í dúró lójú kan, ọsàn ni wọ́n ń yí lábẹ́ rẹ̀, èèpo á sì máa já bọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láìkan inú. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ọwọ́ òsì ló ń di bàálù mú tó ń yí i, ọwọ́ ọ̀tún ń gbé ẹ̀rọ lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ara DC-10 róbótó, ní ìwọ̀n tèmi ó fẹ̀ tó mìlímítà 42. Bí ẹ bá dúró lórí ojú ìpàdé nìkan, ẹ máa sọ róbótó di pẹrẹsẹ, pẹrẹsẹ yẹn kì í sì í hàn títí ọ̀dà tó ń dán á fi dé orí rẹ̀. Ẹ máa yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi fóòmù sáàárín sáńpépà àti orí ẹ̀rọ: fóòmù máa ń tẹ̀ lé bí ara bàálù bá ṣe róbótó tó.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti tó. Ẹ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀: tó bá ń kùn bí oyin, ó ń gé, tó bá rẹlẹ̀ tó ń kérora, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Mo máa ń ka ení dé ẹ̀ta lójú kan kí n tó sún, lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá ogún mo máa ń gbé e kúrò, kí n fi ètè òkè kan ibẹ̀. Ètè tètè ń mọ ooru ju ìka lọ, pàápàá ìka èmi tí irin ti sọ di igi. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo máa lọ mu omi.

Panẹ́lì-bítà ni bàbá mi ní Mushin, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ èyí tó kù. Tí wọ́n bá ti fi pọ́tì, ohun tí a fi ń dí kòtò, sí ara mọ́tò, wọ́n máa ń fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára kí wọ́n tó ha á. Ibi tí dúdú bá ti kúrò ni ibi gíga, ibi tó bá ṣẹ́kù sí ni kòtò. Èmi ń fi pẹ́ńsù ṣe é: mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun gbogbo ojú ìpàdé, n óò wá ha á. Nígbà tí pẹ́ńsù bá tán pátápátá, mo dúró, bó ti wù kí ọwọ́ ṣì máa yún mi tó. Tí ìlà pẹ́ńsù kan bá kọ̀ tí kò lọ, kì í ṣe pé kí ẹ túbọ̀ ha á ni, kòtò ni, pọ́tì ló ń fẹ́. Bàbá mi máa ń dijú tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò, á fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí ilẹ̀kùn mọ́tò, á sì fi ìka tọ́ka síbi tí àwa tí ojú wa là kò rí. Mo ń dijú báyìí lórí bàálù tó gùn tó apá mi, Kẹ́mi ọmọ mi sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Pọ́tì tí ẹ bá lò ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. Súpà gúlù dára fún dídí ihò fèrèsé kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, torí fèrèsé bébà ni mo fẹ́ lẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti sùn mọ́jú, ó ń le ju ike lọ. Tí ẹ bá wá gbé ẹ̀rọ lé e, ẹ̀rọ á máa jẹ ike tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, súpà gúlù á dúró láàárín bí egbò tó wú. Láàárín wákàtí kan tí mo bá fi sí i ni mo ti ń ha á. Pọ́tì tó ń jáde láti inú túùbù, òdì kejì rẹ̀ ni: ó rọ̀ ju ike lọ, ẹ̀rọ sì lè gbẹ́ ẹ jáde. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ sì lo ipele àkọ́kọ́.

Níbi tí a ti gé ẹ̀yà ike kúrò lára igi rẹ̀, ìyẹn férémù ike tí àwọn ẹ̀yà so mọ́ nínú páálí, kókó kékeré kan máa ń ṣẹ́kù. Ìdodo ni mo ń pè é. Ẹ fi abẹ gé e kó kù bíi ìlàjì mìlímítà, kí orí tóóró ẹ̀rọ wá parí rẹ̀. Lórí rọ́bà táyà àti ẹsẹ̀ bàálù tó tín-ínrín, mi ò ń gbé ẹ̀rọ débẹ̀, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn apá níbi tó ti mú bí abẹ, gíláàsì iwájú awakọ̀, àti ibi tí ìlà ara bàálù bá wú síta bó ṣe máa ń rí lára mọ́dẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Ẹ fi téèpù bébà bò wọ́n ní ìlọ́po méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ tí ọwọ́ máa yọ̀ kì í ránṣẹ́.

Tó bá wá yọ́ ńkọ́? Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tèmi ni pé mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ padà, ìtẹ̀ka mi sì wọ̀ ọ́ lára bíi ti báǹkì. Ẹ jẹ́ kó tutù kó le. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi abẹ tuntun rẹ́ etí tó wú kúrò, kí ẹ fi pọ́tì dí kòtò náà ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi sí i. Kòtò náà ṣì wà níbẹ̀ lórí òrùlé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì, èmi nìkan ló mọ ọ́n.

Eruku ẹ̀rọ kì í ṣe eruku ọwọ́. Ó kúnná, ó ń fò, ó sì ń dé inú tíì yín. Ìbòmú tó dára àti awò ojú kì í ṣe oge, pàápàá tí ẹ bá ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi resin, irú ike líle mìíràn, ṣe tí a ń rà lọ́tọ̀: eruku yẹn burú fún ẹ̀dọ̀fóró, inú omi nìkan ni mo sì ti ń ha á. Mo máa ń tẹ́ aṣọ ìnura tútù sórí tábìlì láti gba èyí tó bá bọ́. Ìyá Kẹ́mi ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fa eruku èékánná. Èyí tí mo bi í kí n tó gbé nìyẹn.

Lẹ́yìn 600 tàbí 800, ẹ pa ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀, ọwọ́ ni: 1000 nínú omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí díẹ̀, kí ẹ máa ha á ní ìdábùú ọ̀nà tí ẹ̀rọ gbà, kí àpá ẹ̀rọ lè hàn kó sì parẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ yọ eruku nínú gbogbo ìlà, kí ó gbẹ. Ọ̀dà eérú ìpìlẹ̀ ló tẹ̀ lé e, fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wá pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí iná sùn mọ́ ara bàálù. Ohun tó bá wà níbẹ̀ á ní òjìji. Mi ò tíì rí bàálù tí mo yẹ̀ wò báyìí tí mi ò padà sí 1000 ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Funfun á wá dé orí rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, 2000 pẹ̀lú omi láàárín ìkejì àti ìkẹta, ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀ rárá.

Ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí DC-10 yìí. Ọwọ́ gba wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lórí èyí tó kù. Èmi ti yan 5N-ANN fún ìrù rẹ̀, torí òun ló ṣẹ́kù. Lẹ́tà náà, irú èyí tí a ń rẹ sómi kó lè ṣí kúrò lára bébà ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrù, ti wà nínú àwo omi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlà yìí, ẹ jẹ́ n lọ gbé e kó tó jábọ́ lára bébà rẹ̀.